Ẹ gbà mí o: owó tíìpù àti owó ọtí nínú ọkọ̀ tí ọmọ mi ní òun ti san tán

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú mi bàjẹ́ ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má bínú bó bá gùn. Mo máa pé ọgọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní London ti pè mí látìgbà Kérésì pé ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lòun fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí mi, òru mẹ́fà, láti Southampton, pé òun ti san gbogbo ẹ̀ tán. Mo sọ ọ́ nílé, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ lọ́jà. Mo ti rán aṣọ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú ẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró dè é lọ́wọ́ aláró, torí wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan wà tí gbogbo èèyàn máa ń múra dáadáa.

Àfi lánàá tó fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo kà á, àyà mi já. Dọ́là 18 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ṣé àwọn yẹn kì í gbowó oṣù ni? Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni mo tún ti rí dọ́là 70 lójúmọ́ fún ọtí, orúkọ mi ló sì wà níbẹ̀! Èmi tí mi ò fi ẹnu kan bíà látìgbà tí mo ti di àtúnbí lọ́dún 1991! Mo pe ọmọ náà, mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ohùn mi há. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Àbúrò bàbá ẹ̀ ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé látìgbà tó ti gbéyàwó ló ti ń ná ìnákúnàá. Mi ò fẹ́ dá sí ìyẹn.

Wọ́n tún ní bí mo bá fẹ́ rí Paris, owó ẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Kí ló wá kù tó san tán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti wọ irú ọkọ̀ yìí rí, ṣé mo lè ní kí wọ́n yọ owó tíìpù yẹn? Ti ọtí ńkọ́?

Àbíkẹ́, Ògo-Olúwa

Ẹ kú oríire mà. Ẹ yọ ti ọtí kíákíá. Omi, tíì àti kọfí máa ń wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Kí lẹni tí kì í mutí fẹ́ fi dọ́là 70 ṣe lóòjọ́?

Màmá Ìbejì

Ẹ yọ ti ọtí o. Àwọn ọmọ wa kì í béèrè kí wọ́n tó náwó. Tèmi náà fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ránṣẹ́ láti Kánádà lọ́dún tó kọjá, kò béèrè bóyá omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ládùúgbò wa. Ó wà nínú pálọ̀ títí di òní. Bí mo bá wò ó, ó máa ń dùn mí, torí mo mọ iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ kó tó rà á.

Alhaja Aláṣọ, Ìgbọ̀nà

Ìyá Tóyìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Èmi àti ọkọ mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ítálì lọ́dún 2018. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn àlejò lóhùn, mo ní kí wọ́n yọ tíìpù yẹn. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo fọwọ́ sí i, wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá ṣe mí lóore ni mo fún lówó ní tààrà.

Ìyá Kọ́lá, Òkè-Fìà

Alhaja, ẹ forí jì mí, mi ò lè dákẹ́ sí èyí. Ọmọ mi kejì ń tún yàrá ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi. Oṣù méje ló fi ń wà níbẹ̀ kó tó wálé, kò sí ọjọ́ kan nínú oṣù méje yẹn tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó ya fọ́tò ọwọ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. Àárín àwọn ìka ẹ̀ ti bó, awọ ibẹ̀ funfun bíi ti ẹni tó rẹ ọwọ́ sínú omi ẹ̀gẹ́, ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ balùwẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó wà nínú ìwé ẹ̀ kò tó nǹkan, owó tíìpù yẹn ló ń gbé e. Ẹni tí ẹ fún lówó ní tààrà ni ẹ rí. Ẹni tó ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yín nísàlẹ̀ ọkọ̀, tí kì í rí oòrùn, àti ẹni tó ń fọ abọ́, ta ló máa fún wọn? Inú owó àjọpín yẹn ni tiwọn wà.

Alhaja Aláṣọ, Ìgbọ̀nà

Mi ò bú ọmọ yín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé iṣẹ́ ló yẹ kó san owó òṣìṣẹ́ ẹ̀.

Ìyá Kọ́lá, Òkè-Fìà

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ yẹn, kì í ṣe ilé iṣẹ́ lẹ yọ ọ́ lápò ẹ̀.

Ọmọ Òròkí ní Southampton

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bákan náà. P&O Cruises tó ń gbéra lọ́dọ̀ wa níbí kò gba owó yìí lọ́tọ̀ mọ́ láti 2019, ó ti wọ owó yàrá. Àwọn tó ń gbà á, bíi dọ́là 16 sí 20 lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá ti san án, kò tún pọn dandan kí ẹ máa pín owó kiri. Tí ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe bá tọ́jú yín gan-an, ẹ fún un ní nǹkan díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Ti ọtí ni mo fẹ́ béèrè. Mà, ta lẹ jọ wà nínú yàrá?

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Ẹ ṣé o. Ìyá Kọ́lá, Ọlọ́run á ṣọ́ ọmọ yín. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo gbà á síṣẹ́. Nílé oúnjẹ tí mo ti ń jẹun ní Ọlá-Ìyá, bí mo bá fẹ́, mo lè fún ọmọ tó gbé abọ́ wá ní ₦200. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ mọ́ owó ẹ̀bà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dè mí, ìyẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Yàrá kẹ̀? Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni. London lòun náà ń gbé. Mi ò kọ ọ́ torí mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Òròkí ní Southampton

Ó kàn án gan-an mà. Ṣé wọ́n máa ń mutí?

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Ó máa ń mu stout. Díẹ̀ ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí ọmọ mi ra páákéèjì ọtí yẹn fún òun, èyí tí wọ́n ní èèyàn á san owó kan lójúmọ́, á sì máa mu láìsanwó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Òròkí ní Southampton

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá ra páákéèjì ọtí, gbogbo àgbàlagbà tó wà nínú yàrá yẹn gbọ́dọ̀ rà á, kí wọ́n má baà máa fi káàdì ẹnì kan mutí fún ẹni méjì. Gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò ni wọ́n sì máa gbowó ẹ̀, ẹ ò lè ra ti ọjọ́ méjì péré. Ọmọ yín kò sọ pé ẹ̀ ń mutí. Òfin ọkọ̀ ló kọ orúkọ yín síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọtí fún àwọn òṣìṣẹ́. Ká mú 18. Dọ́là 70 á di 82.60 lójúmọ́. Fún òru mẹ́fà, 495.60. Ẹ̀yin méjèèjì, 991.20. Bí stout kan bá jẹ́ dọ́là 9, pẹ̀lú ìdá 18 yẹn ó di 10.62. Àbúrò yín á ní láti mu mẹ́jọ lójoojúmọ́ kí owó tiwọn nìkan tó padà. Kí tiyín náà tó padà, àfi kí wọ́n mu mẹ́rìndínlógún.

Kí ọmọ yín fagi lé e kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á dá owó ẹ̀ padà. Kí Àǹtí máa ra stout lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá gbà, kí ọmọ yín pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀, àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí ẹni tí kì í mutí ra ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, owó ẹ̀ kéré púpọ̀ sí tọtí.

Màmá Ìbejì

Háà, Ìyá Tóyìn! Ẹ wá bú ọmọ ọlọ́mọ débi tí ohùn yín fi há, àbúrò yín ló ń mutí!

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Mi ò mọ òfin wọn ni. Ó yẹ kó ṣàlàyé fún mi. Màá pè é.

Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́ mà, èbúté wo ni ọkọ̀ yẹn máa yà sí? Físà wo ló sì wà nínú ìwé ìrìnnà yín?

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Le Havre, Zeebrugge, Rotterdam, ká tó padà sí Southampton. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan la máa lò níbẹ̀. Le Havre ni wọ́n ti ń lọ sí Paris. Ṣé ká gba ti ọkọ̀ ni àbí ká wá takisí tiwa? Orúnkún mi kì í fẹ́ ìjókòó pípẹ́.

Alhaja Aláṣọ, Ìgbọ̀nà

Ẹ gba ti ọkọ̀ fún ibi tó bá jìn! Ní Naples, èmi àti ọkọ mi wá takisí tiwa lọ sí Pompeii torí pé ó wọ́n lọ́wọ́ ọkọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró nígbà tá à ń bọ̀. A dé èbúté, a rí ìdí ọkọ̀ lórí omi, ó ń lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi wà nínú yàrá. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ lọ bá wọn ní Civitavecchia lọ́jọ́ kejì, owó ara wa la fi sùn mọ́jú. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ṣètò ló pẹ́, wọn ì bá dúró dè wá. Wọn kì í dúró de ẹni tó dá lọ. Aago ọkọ̀ sì ni kí ẹ máa wò, ó lè yàtọ̀ sí ti ìlú.

Amọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun

Màmá, Le Havre sí Paris fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà. Wákàtí mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀, nínú bọ́ọ̀sì. Pẹ̀lú orúnkún yín, ẹ rò ó dáadáa. Le Havre fúnra ẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń wò. Ogun Àgbáyé Kejì wó o palẹ̀, Auguste Perret ló darí bí wọ́n ṣe fi kọnkéré tún un kọ́. Ọdún 2005 kan náà tí UNESCO kọ orúkọ igbó tiwa sínú ìwé ogún àgbáyé ni wọ́n kọ ti Le Havre. Ọmọ Òṣogbo ló yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Zeebrugge ní tiẹ̀ kò jìn sí Bruges. Rotterdam sì rọrùn, inú ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, nítòsí afárá Erasmus.

Lórí ti tíìpù, mo ń mú àlejò yí igbó ká. Àwọn kan á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Àwọn kan á na ₦5,000 sí mi. Bákan náà ni mo ṣe ń ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá fún mi ní nǹkan, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn délé.

Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì

Màmá, ẹ ò tíì dáhùn. Físà ńkọ́?

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Mo ní físà ìlú Ọba, ti ọdún méjì. Ọmọ mi ní kò sí wàhálà, pé ìlú Ọba lọkọ̀ ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ló ń padà sí.

Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ tíìpù sílẹ̀ ná. Ilẹ̀ Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálaǹdì ni èbúté mẹ́ta yẹn. Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni gbogbo wọn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání. Ti ìlú Ọba kò kan ibẹ̀. Ní Southampton, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, ni wọ́n á ti dá yín padà, àpótí yín lọ́wọ́. Ìgbà wo ni ọkọ̀ gbéra, ìgbà wo lẹ sì ń kúrò nílé?

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Ọkọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàálù mi ku ọjọ́ mẹ́wàá, mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ṣé mi ò lè gba físà yẹn tí mo bá dé London?

Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì

Wọn kì í sábà gbà á lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀, ìlú tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ní kó ti béèrè. Ẹ sún bàálù yẹn síwájú. Torí pé ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ máa lò ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ lẹ máa lọ, ìyẹn ilẹ̀ Faransé. €90 ni owó físà. Ọjọ́ 15 ló sábà máa ń gbà lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, ó sì lè di 45. Ẹ tún nílò ìnṣọ́ráǹsì ìrìn àjò tí owó tó lè san fún yín kò dín ní €30,000. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wá ọjọ́ ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí yìí.

Ọmọ Òròkí ní Southampton

Àǹtí tó wà ní London, ìwé ìrìnnà wo làwọn ń lò?

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Ti ìlú Ọba. Tiwọn kò ní wàhálà.

Ọmọ Òròkí ní Southampton

Ẹ tún ní kí ọmọ yín béèrè bóyá wọ́n lè fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tiyín bí físà bá pẹ́. Àwọn kan máa ń gbà á tó bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Kò yẹ kí gbogbo owó yẹn ṣòfò.

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò (lálẹ́)

Mo ti pè é. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ àná. Ó lọ wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó rí i pé ọ̀rọ̀ físà wà níbẹ̀, òun ni kò ka ibẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lórí fóònù. Ó ti sún bàálù, ó ti fagi lé páákéèjì ọtí, àbúrò mi sì ti gbà láti máa ra tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó rí ọjọ́ ìpàdé ní Èkó fún Thursday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Owó tíìpù yẹn, mo ní kó fi sílẹ̀ nítorí ọwọ́ ọmọ Ìyá Kọ́lá. Inú mi kò tíì dùn sí bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì

Mo ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Wednesday, mà. Ẹ wá bá mi ní Ọlá-Ìyá ní agogo márùn-ún ìdájí, ẹ ó sùn lọ́dọ̀ ìyàwó mi mọ́jú. Ẹ mú ìwé báńkì yín, lẹ́tà ọmọ yín, ìwé ọkọ̀ tó fi ránṣẹ́, àti ìwé ìrìnnà yín àtijọ́ bó bá wà.

Ìyá Tóyìn, Àlékúwodò

Ó wà. Màá ti dé ibẹ̀ kí agogo márùn-ún tó lù.