Ta ni ó ti wo fíìmù àwọn ọmọdé ti Hal Roach rí?

Àkànní: Ẹ kú ìjókòó o. Ọdún 1922 ni Hal Roach, ọ̀gá ilé iṣẹ́ fíìmù kan, bẹ̀rẹ̀ Our Gang, fíìmù ẹ̀fẹ̀ kéékèèké tí àwọn ọmọdé ń ṣe, ní Culver City ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Èyí tí kò ní ohùn ni mò ń béèrè. Báwo ni ẹ ṣe rí i?

Ìyá Ìbejì: Èmi àti ìyá ọkọ mi jọ wò ó lórí fóònù. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo wá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lójú àwòrán fún wọn, ni wọ́n bá ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé àwọn kò fọ́jú. Farina ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà gbọ́n.

Ògúnlékè: Ọkùnrin ni Farina, ọmọ dúdú tí wọ́n dirun fún yẹn. Allen Hoskins ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1920 ni wọ́n bí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá.

Baba Ọ̀yọ́: Bí ọkùnrin bá dirun, kí ni ó burú níbẹ̀? Ṣé ẹlẹ́gùn Ṣàngó kì í dirun ni?

Àdùkẹ́: Baba, nítorí òrìṣà ni ẹlẹ́gùn ṣe ń dirun. Wọ́n di ti ọmọ yìí kí àwọn òǹwòran lè fi í rẹ́rìn-ín. Ní London ni mo ti wò ó, nínú gbọ̀ngàn tí ẹnì kan ti ń tẹ dùrù sí i. Bí ẹ̀rù ṣe ba ọmọ náà tí ó ranjú, gbogbo ilé ya ẹ̀rín, tèmi sì gbẹ sí mi lẹ́nu.

Àkànní: Mi ò jiyàn, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ ń ṣeré níbẹ̀, nígbà tí òfin ya ilé ẹ̀kọ́ wọn sọ́tọ̀ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ernie Morrison, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dúdú náà, tí wọ́n bí ní New Orleans, ti wà lọ́dọ̀ Roach kí ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́: Wọ́n jọ ń ṣeré lóòótọ́. Ta ni wọ́n ń dẹ́rù bà jù nínú wọn?

Olùkọ́ Eré: Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọ̀ ọ́. Èmi ni mo máa ń darí eré àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ tí ó bá sì há ọ̀rọ̀ sórí, òrùlé ni yóò máa wò bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ kò gba ohùn, Robert McGowan tí ó ń darí wọn lè máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń yí lọ, ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi dà bí ojú ọmọ tí ń ṣeré lódòdó. Nígbà tí ohùn dé ní ọdún 1929, ó di dandan kí ó panu mọ́.

Tẹ̀tẹ́: Ajá ni èmi ń wò ní tèmi.

Baba Ọ̀yọ́: Èyí tí òrùka yí ojú rẹ̀ ká? Ojú ọ̀tún ni àbí òsì?

Ògúnlékè: Méjèèjì, Baba. Ajá kan kọ́ ni.