Ṣé iná ló máa ń jẹ́ kí ammonia pọ̀ ni?

Ọmọ Bàrígà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, tíṣà wa ní tí nǹkan bá gbóná á yára ṣiṣẹ́, mo sì gbà torí ògì màmá mi tètè máa ń kan lásìkò ooru, àmọ́ ó tún ní tí wọ́n bá ń ṣe ammonia, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tí wọ́n wá ń kóná mọ́ ọn ṣáá, á dín kù. Báwo ló ṣe jẹ́?

Bọ̀dá Ṣómólú: Àbúrò, yíyára yàtọ̀ sí iye tó máa jáde. Tí gáàsì nitrogen àti hydrogen bá ń di ammonia, ooru ló ń tú jáde, tó o bá wá tún fi ooru kún un, ẹ̀yìn ló máa padà sí, ammonia á tún di nitrogen àti hydrogen. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lo bíi 450°C, kó má falẹ̀ jù, kó má sì tú ká.

Ìyá Ìbejì: Prẹ́ṣọ̀ ńkọ́? Molecule 4 (ègé tín-ín-tìn-tín gáàsì, nitrogen 1 àti hydrogen 3) ló ń di ammonia 2, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, bíi 200 atm (ìlọ́po 200 prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká), apá tí molecule ti kéré, ìyẹn ammonia, ló máa lọ. Wo mínírà tí wọ́n ń tà l'Ójúẹlẹ́gbà, bó o bá ṣe ṣí ìdérí ẹ̀ báyìí, prẹ́ṣọ̀ ti lọ, gáàsì á máa hó jáde.

Ọmọ Bàrígà: Irin tí wọ́n ń kó sí i wá ńkọ́ mà?

Ìyá Ìbejì: Ó kàn ń jẹ́ kó tètè dé ibi tó máa dé ni, kò fi nǹkan kan kún iye ammonia tó máa jáde.