Òkúta tí mo pariwo lé lórí, tí mo tún fẹ́ jù nù

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn òkúta kan tí mo rò pé wúrà ni fún yín o. Jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tá a wà ní ọdún kejì wọ́n kó wa lọ wo àpáta. Mo rí ìlà funfun kan tó la àárín òkúta dúdú kọjá, mo fi òòlù gbá a, àfi bí nǹkan inú ẹ̀ ṣe ń kọ yànràn, àwọ̀ wúrà gan-an! Àyà mi ń lù kìkì, mo pariwo pé wúrà rè é, gbogbo kíláàsì sáré wá.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kí n fi òòlù lu ègé kan. Ó fọ́ túútúú. Wọ́n ní wúrà kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní kí n fi òmíì ha ẹ̀yìn táìsì, àmì ẹ̀ dúdú, ti wúrà ì bá pọ́n yẹ́lò. Pyrite ni, irin àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ jù ú nù, wọ́n ní "Má jù ú nù, òun àti wúrà sábà máa ń gbé pọ̀."

Èmi tẹ́lẹ̀, mo rò pé iná abẹ́ ilẹ̀ ló ń yọ́ wúrà bíi ti alágbẹ̀dẹ, tó á wá ṣàn wọ inú àpáta. Omi ni o! Gbogbo òkúta ló ní wúrà díẹ̀, bíi mílígíráàmù 4 péré nínú tọ́ọ̀nù kan, ibi tí wọ́n sì ti ń wà á, ó sábà máa ń tó gíráàmù 1 sókè, ìyẹn ni pé nǹkan kan ti kó o jọ ní ìlọ́po 250. Omi tó gbóná tó 200 dé 400 digirí Celsius ló ń ṣe é, ẹrù òkúta tó wà lórí ẹ̀ ni ò jẹ́ kó hó. Imí-ọjọ́ inú omi yẹn á di wúrà mú, wọ́n á jọ máa lọ. Bí ilẹ̀ bá wá mì tí àpáta là, omi á sáré gba ojú ibi tó là gòkè, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ á dẹ̀, ó lè hó lójijì, wúrà ò ní ẹni tó máa dì í mú mọ́, á jábọ́, òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz á dì yí i ká, ilẹ̀ á tún mì, ó tún di bẹ́ẹ̀, àìmọye ìgbà. Ìlà funfun tí mo fọ́ yẹn, ojú ọ̀nà omi ni.

Bí omi náà bá sì kan òkúta tí irin pọ̀ nínú ẹ̀, irin á já imí-ọjọ́ gbà, àwọn méjèèjì á di pyrite, wúrà á bọ́ síbẹ̀, òmíì á há sínú pyrite fúnra ẹ̀. Wúrà tí wọ́n rí ní Carlin, ní Nevada l'Amẹ́ríkà, ní 1961, inú pyrite ni púpọ̀ nínú ẹ̀ wà, ojú lásán ò lè rí i.

Nígbà tí èsì dé láti láàbù tí wọ́n ti yẹ òkúta mi wò, ó ní wúrà gíráàmù 2 àti díẹ̀ nínú tọ́ọ̀nù. Mo sáré lọ bá ọ̀gá wa. Wọ́n kàn bi mí pé òkúta dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn ńkọ́, ṣé irin pọ̀ nínú ẹ̀? Mo ní ó pọ̀ gan-an, sà.