Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ pé "rárá" láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ wá sọ ìrírí yín

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ohùn ẹgbẹ́ ni mo gbé wá, bó ṣe ń gba ohùn lọ́wọ́ ẹni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin kan níbí. Tí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ ṣe ìnáwó, a máa ń dá aṣọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé léèsì kan wá sípàdé. Ìyá ẹgbẹ́ tú u fún wa wò, wọ́n dárúkọ iye rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó tẹ́ gbogbo yín lọ́rùn?" Gbogbo ilé dáhùn, "Ó tẹ́ wa lọ́rùn, Ìyá wa!" Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹnu kò. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi ń wá bá mi nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ní òun máa lọ yáwó. Ìyẹn ní owó ilé-ìwé ọmọ lòun fẹ́ fi san án. Ohun tó ká mi lára jù ni pé olúkúlùkù ló ń ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ káwọn yòókù gbọ́ o, wọ́n á ní èmi nìkan ni ò rówó ra á." Kò mọ̀ pé ohun kan náà lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé mi sọ. Ilé kún fún obìnrin tí ò fẹ́ aṣọ, gbogbo wọn sì gbà á!

Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Solomon Asch, gbé iṣẹ́ tó ṣe lórí irú nǹkan báyìí jáde ní 1951. Ó fa ìlà kan sórí páálí, ó fa mẹ́ta sórí òmíràn, ó ní káwọn tó kó jọ sọ èwo nínú mẹ́ta yìí ló gùn tó ti àkọ́kọ́. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ̀ pé àwọn yòókù ti bá Asch dì í pé àwọn á jọ máa mú èyí tí kò tọ̀nà. Nínú ẹni mẹ́rin tí wọ́n dán wò bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́ta ló tẹ̀ lé èrò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Asch wá fi ẹnì kan péré tó ń sọ òótọ́ síbẹ̀, ìtẹ̀lé yẹn dínkù gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tó ní kí ẹni náà kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kó má sọ ọ́ sétí àwọn yòókù.

Ohun tí mo gbé lọ sípàdé kejì nìyẹn. Àwọn àgbà wa kan ò mọ̀wé kọ, ni mo bá pín àgbàdo àti ẹ̀wà. Ẹni tó fẹ́ léèsì, kó ju àgbàdo sínú kèrègbè. Ẹni tí kò fẹ́, kó ju ẹ̀wà. Ẹyọ kan péré, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ìyá ẹgbẹ́ ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, wọ́n ní ṣé ìbò gómìnà la fẹ́ dì ni. Ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun ló gbè mí lẹ́yìn: "Ẹ jẹ́ ó ṣe é. Èmi ò lówó léèsì yẹn, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí í tijú." Nígbà tá a da kèrègbè sílẹ̀, ẹ̀wà ló pọ̀ jù. Àǹkárá la rà.

Àwọn kan ní mo fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn aṣọ ẹbí; tẹ́ ẹ bá rí wa nínú àǹkóò lọ́jọ́ ìnáwó, orí yín á wú. Gbèsè tó ń bẹ nídìí ẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ọlọ́kadà Tákíè

Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà wà. Wọ́n pariwo "Olè!" lé ọmọkùnrin kan lórí lọ́sàn-án gangan. Kí n tó sọ̀ lórí ọ̀kadà, igi ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ló jí. Ó ní, "Wọ́n ní fóònù ni." Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀? Ó nawọ́ sí ẹlòmíì, ìyẹn náà nawọ́ sí ẹlòmíì. Mo wá lọgun pé, "Fóònù ta ni? Kí olóhun jáde!" Ẹnì kankan ò jáde. Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, a sì mú ọmọ náà lọ sí tésàn láàyè.

Ọmọ Mẹkáníìkì, Ọ̀yọ́

Ẹgbẹ́ yín lẹ̀yin méjèèjì kọ̀ fún. Ọ̀gá ni tèmi. Mò ń kọ́ṣẹ́ ní apá Owódé nígbà náà. Oníbàárà kan sanwó burékì tuntun. Ọ̀gá ní kí n fi sáńpépà ha ti àtijọ́, kí n dè é padà. Àwọn tó ṣáájú mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní, "Ọ̀gá ló ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ìwọ ṣáà ṣe é." Mo wò ó, ọmọ kékeré wà lẹ́yìn mọ́tò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ò lè dè é." Wọ́n fọwọ́ ara wọn dè é. Nígbà tí ọdún mi pé, wọn ò ṣe frídọ́ọ̀mù fún mi. Bàbá mi kó àwọn àgbà ẹbí lọ bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n ṣì sìn sí i. Mi ò kábàámọ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bíi pé ọ̀fẹ́ ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

O ṣeun, àbúrò mi. "Ọ̀gá ló ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀" yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ní 1961, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Stanley Milgram ní káwọn ọkùnrin kan máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n gbà pé ó ń fi iná mànàmáná gbé ẹnì kan nínú yàrá kejì. Iná kankan ò gbé e, àmọ́ wọn ò mọ̀. Ẹni tó dúró bí ọ̀gá ṣáà ń ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Nínú 40, 26 ló tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ìyẹn iná tí agbára rẹ̀ tó fóòtì (volt) 450, òógùn bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara wọn ń gbọ̀n. Nígbà tó wá fi àwọn méjì tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n ń dán wò, 4 péré nínú 40 ló dé òpin. Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

Ọmọ Mẹkáníìkì, Ọ̀yọ́

A jẹ́ mẹ́rin, mà. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọ̀kan lóun náà ò de àtijọ́ mọ́, ọ̀gá ò tiẹ̀ bá a wí púpọ̀. Àwọn méjì tó kù ń dè é lọ. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí lọ́nà Ìlọrà, mo sì ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ojú àwọn òbí wọn ni mo ti sọ fún wọn pé bí mo bá ní kí wọ́n de burékì àtijọ́ fún ẹni tó sanwó tuntun, kí wọ́n ju sípánà sílẹ̀, kí wọ́n pe bàbá wọn lórí fóònù.