Ìyẹ̀ òdòdó ni, kì í ṣe àtíkè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú ní ká máa pe ohun kíkúnná inú òdòdó ní "àtíkè òdòdó", ká sì pe bí oyin ṣe ń gbé e kiri ní "ìgbéyàwó òdòdó". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ ò jẹ́ kí n lè gbà á.

Aago méje àárọ̀ la lọ sídìí ẹlégédé ẹ̀yìn kíláàsì, torí òdòdó rẹ̀ ti máa ń padé kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n ti ìka bọ akọ òdòdó, ìka wọn pupa rúsúrúsú. Mo ní àtíkè nìyẹn. Ọmọ kan bi mí pé, "Ta ló kùn ún fún un?" Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ̀ mí lára. Ọjà la ti ń ra àtíkè, ẹ̀ṣọ́ ni. Ti òdòdó, ara rẹ̀ ló ti jáde.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìyẹ̀. Ìyẹ̀ ni kòkòrò tó ń jẹ igi máa ń dà sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ti onífá ni: ìyẹ̀ igi ìrosùn náà ni ìyẹ̀ròsùn.

"Ìgbéyàwó" ní tirẹ̀ ti ṣáájú ọ̀rọ̀. Kí ìyẹ̀ dé ara abo yàtọ̀ sí kí abo lóyún. Ìyẹ̀ àgbàdo lè bà lé ẹlégédé, kò sóhun tó máa tibẹ̀ jáde. Orúkọ ohun tó ń gbé ìyẹ̀ kiri, mo kọ́kọ́ rò ó sí "agbéyẹ̀", àmọ́ "àgbéyẹ̀wò" á dà á rú. "Akóyẹ̀" ni mo mú. Oúnjẹ tirẹ̀ ni oyin ń wá kiri tó fi ń kó ìyẹ̀ sára, bí àwa náà ṣe ń kó èèmọ́ sáṣọ nínú igbó. Labalábá àti àdán, akóyẹ̀ ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ náà ń kóyẹ̀ fún àgbàdo: fọ́nrán irun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ló ni ín, èyí tí ìyẹ̀ ò bá kàn, àyè rẹ̀ á ṣófo lára ṣùkù. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí, ṣe ni wọ́n ń yí àgbàdo sísè ọwọ́ wọn wò kí wọ́n tó gé e jẹ.

Orí abo òdòdó ẹlégédé, ibi tí ìyẹ̀ ń bà lé, nípọn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ahọ́n òdòdó ni àwọn ọmọ ń pè é báyìí, mi ò sì ní í bá wọn yí i padà.