Oko aláìní ní Amẹ́ríkà: níbo ni àwọn àkàndá ẹ̀dá wà nínú ìwé wọn?

Ajíbádé_Atúmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé kan ni mò ń túmọ̀ lórí poor farm, ìyẹn oko tí ìjọba káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní Amẹ́ríkà ń kó àwọn tí kò ní sí láyé àtijọ́. "Oko aláìní" ni mò ń pè é. Ohun mẹ́ta ló rú mi lójú. Ṣé tálákà tó lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni, àbí afọ́jú, adití, arọ àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé? Ìwé náà ń sọ méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ètò ìkànìyàn 1880 ya "idiot" sọ́tọ̀ kúrò lára "insane". Kí ni kí n pè wọ́n tí mi ò fi ní máa bú òkú olókùú? Èyí tó kẹ́yìn: ìwé ìforúkọsílẹ̀ oko tó wà lọ́wọ́ mi kò sọ ẹni tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá rárá. Níbo ni kí n wò?

Ìyá Àkójọ

Ẹ kú làálàá, Ajíbádé. Àwọn tó lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀, àwọn tí kò lè ṣiṣẹ́ ló wá kún inú rẹ̀.

Kí oko tó dé, òfin aláìní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1601, ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ aláìní tirẹ̀. Ní New England, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n a máa gbé wọn ta ní gbàǹjo, ṣùgbọ́n gbàǹjo adoríkodò ni. Ẹni tó bá ní owó tó kéré jù lọ ni òun máa gbà lọ́wọ́ ìlú ni wọ́n ń fa aláìní náà lé lọ́wọ́. Ẹ wá ro irú oúnjẹ tí ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé síwájú rẹ̀.

Ní 1824, J. V. N. Yates tó jẹ́ akọ̀wé ìpínlẹ̀ New York gbé ìròyìn kan jáde pé kí káúńtì kọ̀ọ̀kan ra ilẹ̀, kí wọ́n kọ́ ilé sórí rẹ̀, kí àwọn aláìní sì máa fi oko bọ́ ara wọn. Òfin jáde lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n iye tí òun fúnra rẹ̀ kà ti ń ta ko ìmọ̀ràn rẹ̀. Nínú 6,896 tí wọ́n ń bọ́ tọdúntọdún, 1,789 péré ló sọ pé ó lè ṣiṣẹ́ jẹun. Ọmọdé, arúgbó, afọ́jú, arọ àti ẹni tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù.

Nítorí náà, ìṣirò oko yẹn kì í bára mu. Ọkùnrin tó bá lágbára a wọlé nígbà òtútù, á sì jáde nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ìta ń wá lébìrà tí wọ́n máa sanwó fún. Àkàndá ẹ̀dá ló ń kù sílẹ̀ yípo ọdún. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le, ló ń di òpó ilé: òun ló ń fún wàrà màlúù, òun ló ń fọ aṣọ gbogbo ilé, òun ló ń la igi ìdáná, fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, láìgba kọ́bọ̀. Alábòójútó oko àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mátírọ́ọ̀nù ló ń gbowó. Níbi tí wọ́n bá ti ń san iye kan lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú owó oúnjẹ, tiwọn ni.

Ẹ tún wo òfin New York ti 1875 tó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ ọdún 3 sí 16 kúrò nílé aláìní. Òfin náà yọ ọmọ oníwárápá, ọmọ arọ àti ọmọ tí wọ́n ní kò ṣe é kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá rí ọmọ nínú ìwé lẹ́yìn ọdún yẹn, ẹ má tètè rò pé akọ̀wé ló ṣì í kọ.

Ọ̀rọ̀_Lẹyẹ

Ti ọ̀rọ̀ ni tèmi. Ìlànà tí wọ́n fún àwọn akànìyàn ní 1880 ṣàlàyé rẹ̀ kedere. "Idiot" ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dúró láti kékeré, tí kò dàgbà mọ́. "Insane" ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé tẹ́lẹ̀ kó tó dàrú, títí kan ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti jó rẹ̀yìn. "Dìndìnrìn" àti "wèrè" ló bá wọn ṣe rẹ́gí nínú èdè wa, èébú sì ni méjèèjì lónìí. Ẹ lò wọ́n níbi tí ìwé ìkànìyàn fúnra rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀ nìkan, kí ẹ fi àmì àyọlò sí i. Níbòmíràn, "ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà" àti "ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú" ti tó.

Ẹ má fi "àkàndá ẹ̀dá" sí ẹnu akọ̀wé 1880 o. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ti òde òní nìyẹn, á fi ojú rere tí kò sí níbẹ̀ kùn ún. Bákan náà, níbi tí wọ́n bá ti kọ "deaf and dumb", "adití" ni kí ẹ kọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe odi, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní èdè kankan ni.

Alákọsílẹ̀

Mo kí Ìyá Àkójọ. Ó ku ibi tí orúkọ wọn wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé ìkànìyàn gbogboogbò ti 1880. Ẹ wá orúkọ ilé náà ní etí ojú ewé. Ẹ má wá "poor farm" nìkan: ní Ohio, "infirmary" lorúkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin láti 1850, ó sì di "county home" ní 1919. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ wo òpó (ìlà olóòró) 15 sí 20. Òpó 15 ni ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ yẹn, 16 ni afọ́jú, 17 adití, 18 "idiot", 19 "insane", 20 arọ tàbí ẹni tí kò lè dìde. Igi kékeré kan péré ni akànìyàn ń fà síbẹ̀, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà. Ìlà 50 ló wà lójú ewé kan, wọ́n há mọ́ra, igi tó jẹ́ ti ìlà 12 lè bọ́ sórí 11. Ẹ fi rúlà tẹ̀ lé e láti ibi orúkọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí ìwé kejì tí wọ́n kọ lọ́dún kan náà fún àwọn tí wọ́n pè ní alábùkù, aláìní àti arúfin. Oríṣi méje ni. Nọ́ńbà ojú ewé àti ti ìlà láti inú ìwé àkọ́kọ́ wà lára rẹ̀, òun lẹ fi máa yanjú ọ̀rọ̀ igi tó ṣìlà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọjọ́ orí tí àìlera bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, bóyá wọ́n ń ti ẹni náà mọ́lé. Lórí ti "idiot", wọ́n tiẹ̀ béèrè bóyá orí rẹ̀ tóbi tàbí ó kéré! Òpó tó wúlò jù lójú tèmi ni èyí tó ń sọ ibi tí ẹni náà ń gbé kí wọ́n tó mú un wá, torí òun ló máa mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹbí.

Iná àti omi ba ìwé 1890 jẹ́ ní 1921. Ti 1900 kò sì ní àwọn òpó yẹn mọ́. Tí káúńtì yín bá wà ní New York, orí yín ṣe é re: láti 1875 wọ́n kọ fọ́ọ̀mù kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tó wà nílé aláìní. Níbòmíràn, ẹ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ káúńtì. Owó ọ̀pá ìtìlẹ́yìn, owó dókítà, owó pósí: wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ná an lé lórí.

Ohun kan tún wà. Ẹni tó ń sanwó ló ń sọ ohun tó ń ṣe èèyàn. Nígbà tí òfin New York ti 1890 gbé ìnáwó àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú lé ìpínlẹ̀ lọ́rùn, àwọn káúńtì bẹ̀rẹ̀ sí í pe arúgbó tó ń ṣarán ní "insane", kí ẹrù lè kúrò lórí wọn. Tí ìyá arúgbó kan bá pòórá nínú ìwé oko lẹ́yìn ọdún yẹn, ẹ wá a ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ mọ́ òkú.

Ajíbádé_Atúmọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan kù. Ìwé mi ní òfin Social Security ti 1935, ìyẹn òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, ló "ti" àwọn oko náà pa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Àkójọ

Òfin náà kò ti ilẹ̀kùn kankan. Ohun tó sọ ni pé ìjọba àpapọ̀ máa dá ìdajì owó ìrànwọ́ arúgbó, tí owó náà kò bá ti kọjá $30 lóṣù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé nílé ìjọba kò ní rí i gbà. Kí làwọn káúńtì ṣe? Wọ́n kó arúgbó jáde, tàbí kí wọ́n fi ilé kan náà háyà fún aládàáni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe di ilé ìtọ́jú arúgbó, lórí ilẹ̀ kan náà.

Ẹ wá wo ẹni tó ṣẹ́ kù. Afọ́jú rí owó tirẹ̀ gbà lábẹ́ òfin 1935 náà. Arọ tí kò tíì darúgbó àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ títí di 1950. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìtàn fi ń ròyìn pé oko ń tú, àwọn wọ̀nyí ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń fún wàrà. Àmì rẹ̀ kò tíì parẹ́: lónìí, ẹni tó ń gba SSI (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún arúgbó àti àkàndá ẹ̀dá tí kò ní) tí Medicaid (ètò owó ìwòsàn fún aláìní) sì ń sanwó ilé ìtọ́jú rẹ̀, $30 lóṣù ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi sí i lọ́wọ́.

Alákọsílẹ̀

Àfikún kékeré nípa ibojì, torí ìwé yín máa débẹ̀. Tí orúkọ òkú bá wà nínú ìwé oko tí ibi tí wọ́n sin ín sí kò sí, ẹ béèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Massachusetts láti 1831 àti New York láti 1854 ti fàyè gba kí wọ́n gbé òkú aláìní tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà.

Lórí ilẹ̀, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀. Òjìji á fi àwọn ibi tó jìn wọlé hàn ní ìlà-ìlà. Ẹ̀rọ rédà tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ wúlò lórí iyanrìn, àmọ́ ilẹ̀ alámọ̀ máa ń gbé ìgbì rédíò rẹ̀ mì. Bí ẹ bá rí òkúta tí nọ́ńbà nìkan wà lára rẹ̀, ẹ má tètè fi orúkọ sí i. Ẹ̀rọ agékoríko ti gbá ọ̀pọ̀ wọn kúrò láyè wọn, ẹni tó sì dá wọn padà lè ti tò wọ́n bó ṣe wù ú.