Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè tọ́ mi sọ́nà lórí kíka Talmud?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti pé oṣù kan tí mo ti ń ka Talmud ti Bábílónì, ìwé ńlá tí àwọn rábì Júù ti ń jíròrò òfin wọn, ewé àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà. (Nọ́ńbà 2 ló wà lórí ewé àkọ́kọ́ ọ̀hún, kò sí 1.)

Mishnah, ìyẹn àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù, tí Rábì Judah ha-Nasi kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 ló ṣáájú, Gemara, ìyẹn ìjíròrò àwọn rábì tó dé lẹ́yìn rẹ̀, wá ń tú u wò. Àlàyé Rashi, rábì ará Faransé àtijọ́ kan, wà létí kan, Tosafot, àlàyé àwọn rábì tó tẹ̀ lé e, wà létí kejì. Ìbéèrè tó ṣí ìwé náà dùn mọ́ mi gan-an: láti ìgbà wo lèèyàn lè ka “Gbọ́, Ísírẹ́lì”, àdúrà àwọn Júù, lálẹ́, títí dìgbà wo? Rábì Eliezer ní títí ìṣọ́ àkọ́kọ́ á fi parí, àwọn amòye ní títí di ọ̀gànjọ́, Rabban Gamaliel ní títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ni àwọn ọmọ Gamaliel bá ti òde àsè dé lóru, wọn ò tíì kà á. Bàbá wọn ní bí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́, kí wọ́n kà á.

Inú Gemara ni mo ti ń sọnù. Èdè Árámáíkì rẹ̀ ò ní àmì ìdánudúró, mi ò mọ ibi tí ìbéèrè parí sí tí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ ka Rashi ni? Méjì-méjì làwọn Júù máa ń jókòó kà á. Ṣé ẹni tó ń dá kà lè rí i ṣe? Daf Yomi, ètò kíka Talmud lójoojúmọ́ tí Rábì Meir Shapiro dá sílẹ̀ ní 1923 ńkọ́, ewé kan tojú-tẹ̀yìn lójúmọ́ fún ọdún méje àbọ̀, ṣé kò ní yá jù fún olùbẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.